Alága Tó Fòfin De Ẹrẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó ka ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ jókòó dáadáa, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kí èèyàn máa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ẹni tó bá dúró lè lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan gbogbo àga gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dún tó di Alága àgbègbè, tí wọ́n sì dí gbogbo ilẹ̀kùn, àfi èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sọ̀rọ̀.

Alága ga, ó sanra níwọ̀n, ohùn rẹ̀ sì dà bíi pé inú àmù ló ti ń bọ̀. Kò burú lọ́kàn o. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn báyìí, kí ẹ má baà fi gbogbo ìtàn yìí máa wá ìkà tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo àìsàn rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́kàn gbogbo ìlú.

Lọ́fíìsì rẹ̀, òwúrọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí òun á fi dé. Bó bá ti wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á sì fi ohùn kan sọ pé, "Ilẹ̀ ti mọ́, Alága." Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ló dé, ọ̀sán náà ni ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá gba ìwé ọjọ́-ìbí ọmọ rẹ̀ ní láti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn máa pa á lórí, kó sì máa retí ìdájí.

Akọ̀wé rẹ̀ ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn rẹ́rìn-ín. Bí Alága bá dápàárá, Akọ̀wé á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn mú Akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí apá fi ń ro wọ́n, Alága sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé òun kò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn tó ti ọ̀sẹ̀ yẹn rí.

Àfonífojì ni àgbègbè tí ọkùnrin yìí ń darí. Omi gbogbo òkè tó yí i ká, ibẹ̀ ló ń ṣàn sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, tòmátì ibẹ̀ máa ń tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ á gba gbogbo ọ̀nà. Ẹ má fi ẹrẹ̀ yìí wé èyí tí ẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà yín. Ó ń gba bàtà, ó ń gba táyà, bó bá sì wù ú, á gba ọkọ̀ tòun ti ẹrù. Àwọn ará ìlú ńlá kúkú ń pe àwọn èèyàn àfonífojì ní ará ẹrẹ̀. Àwọn náà gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń fi yangàn.

Àwọn tó ń fi yangàn jù ni ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀. Bíríkìlà kan ló ń ta gìtá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ le bíi búlọ́ọ̀kù, àmọ́ bó bá kan okùn gìtá, ọwọ́ náà á rọ̀. Ẹnì kejì ni Katakata, tí wọ́n fún lórúkọ ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tó ń wà. Ike tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ ni tirẹ̀: ó yọ orí rẹ̀ kúrò, ó ń fẹnu fọn ọ́, ohùn tó ń tibẹ̀ jáde sì dà bíi ti màlúù tí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó ń kọrin ni obìnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ohùn rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín rárá. Á máa kọrin nípa àna tó tìlú ńlá wá bá wọn ro oko, tó hú gbogbo àgbàdo, tó fi koríko sílẹ̀, á sì máa wo èèyàn bí ẹni tó wá tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń gbọ́ á máa di inú mú fún ẹ̀rín.

Orin tó gba orúkọ fún wọn jù ni èyí:

*Ẹrẹ̀ gba bàtà mi lọ́tùn-ún,*
*Ó ní kí n tètè mú tòsì wá.*
*Mo ní, ẹrẹ̀, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi,*
*Ó ní ìyàwó òun kì í wọ ẹyọ kan.*

Rédíò gbé orin yìí káàkiri. Awakọ̀ ń kọ ọ́, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́, àwọn ọmọ iléèwé ń fi fo okùn.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí Alága kò ní sọ ọ́ fún yín. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Alága wà títí tó fi mọ̀ ọ́n rìn. Ṣùgbọ́n bí Alága bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀, inú ilé ìmọ̀ ni wọ́n bí òun sí, ó máa ń wí, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì rò pé ìyá rẹ̀ rọbí sí iléèwé.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ lọ́jọ́ tí gbogbo alága àgbègbè ṣèpàdé ní olú-ìlú. Wọ́n ní kí oníkálukú dìde, kó sọ ibi tó ti wá. Alága tiwa dìde, ó ṣàtúnṣe kọ́là, ó ní, "Èmi ni ẹni tí àyànmọ́ fi ṣe òpó àfonífojì." Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kejì tí alága kan fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹrẹ̀ gba bàtà mi lọ́tùn-ún." Èkejì gbè é. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń kọ ọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Èyí tó dun Alága jù ni pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń lù lábẹ́ tábìlì kó tó mọ̀.

Ó padà sílé láì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn, lórí àwọn àga tí kò ṣeé gbé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ẹ̀yin tí oríire kó sábẹ́ àkóso mi. Ìlú tó bá ń lọ síwájú, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Mo ti ronú, mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo ti rò ó dé ibi tí ọpọlọ ẹlòmíràn kò lè dé láì sinmi lọ́nà. Láti òní lọ, kò sí ẹrẹ̀ mọ́ ní àgbègbè yìí."

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ na ọwọ́ sókè. "Alága, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe ẹrẹ̀. Ilẹ̀ oníwà-tútù ni. Bí gbogbo wa á ṣe máa pè é nìyẹn."

"Ẹrọ̀fọ̀ ńkọ́?"

"Òun náà."

"Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀?"

"Tòun ti gbogbo ìdílé rẹ̀," ni Alága wí. Akọ̀wé wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá dárúkọ ẹrẹ̀ á gbá gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, kò sí bí èèyàn á ṣe jáde nílé kí ọ̀rọ̀ náà má bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láàárín oṣù kan, gbọ̀ngàn yẹn mọ́ débi pé èèyàn lè jẹun lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, tòun ti bàtà rọ́bà rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí. "Ẹ bá mi sọ fún un," ó wí fún Akọ̀wé, "pé mo ti fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wá, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́."

Nígbà tí Alága dé, tí ilẹ̀ sì mọ́, ó mú un wọ yàrá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó látàárọ̀. Òfin rẹ yìí, ṣé èmi náà ló ń bá wí?"

"Gbogbo ará àgbègbè ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí ẹlẹ́dẹ̀ mi bá wá rì, tí mo fẹ́ pe aládùúgbò kó bá mi fà á, inú kí ni kí n sọ pé ó wà?"

"Ẹ ní ilẹ̀ oníwà-tútù."

"Kí n tó pè é tán, imú nìkan ló máa kù lókè."

Alága jókòó sórí àga ńlá rẹ̀, ó sì wo fèrèsé. "Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí ní olú-ìlú," ó wí, ohùn àmù náà sì ti kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. "Wọ́n kọrin yín sí mi lójú. Gbogbo wọn pátá."

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ronú sí i. "Ṣé wọ́n kọ ọ́ dáadáa?"

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

"Wọ́n mọ ibi tó ti máa ń yí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo kàn ń béèrè ni. Ìwọ tí ń bẹ yìí, inú rẹ̀ lo ti ń yí gbirigbiri ní kékeré. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀ ọ́, ẹkún lo máa ń sun, o ní mo ń bọ́ aṣọ lára rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni."

Obìnrin náà dìde. Ó ní, "Ó dáa. Òfin ni òfin. A ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú orin wa, mo ṣèlérí fún ọ." Inú Alága dùn. Ì bá ti wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ rántí pé ojú yẹn kì í rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí ì bá rí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi tuntun sáàárín ọjà, Alága sọ̀rọ̀ títí omi náà fi dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀. Wọ́n ti yí orúkọ wọn padà. Atọ́kùn kà á pé, "Ẹgbẹ́," ó sì dúró síbẹ̀. Bíríkìlà ta gìtá, Katakata fọn ike, Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ la ẹnu. Nígbà tó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ orin, ó dákẹ́. Gìtá dákẹ́, ike dákẹ́. Gbogbo ọjà sì pariwo pé, "Ẹrẹ̀."

"Gba bàtà mi lọ́tùn-ún," ni Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. "Ó ní kí n tètè mú tòsì wá. Mo ní—"

"Ẹrẹ̀," ni ọjà wí, òrùlé ṣọ́ọ̀bù sì mì.

Wọn kò tíì gbádùn orin náà tó báyìí rí. Àwọn arúgbó tí wọn kò tíì bá ẹnikẹ́ni kọrin láti ọdún gbọọrọ ń retí ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n lè ju ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀. Alága pe ẹ̀ṣọ́ ìgbìmọ̀. "Lọ mú wọn."

"Ta ni kí n mú, Alága?" ni ẹ̀ṣọ́ béèrè. "Àwọn olórin kò sọ nǹkan kan."

"Mú àwọn tó ń pariwo."

Ẹ̀ṣọ́ wo ọjà yí ká. "Ìyàwó mi wà níbẹ̀," ó wí, "ìyàwó yín náà sì wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìyàwó Alága wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgà.

Ní ọjọ́ kejì, Alága ṣe òfin mìíràn. Ó fòfin de ìdákẹ́jẹ́. Mi ò bá yín ṣeré. Ó ní ẹni tó bá dúró níwájú èrò, kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ tàbí orin. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú u, nítorí bó ṣe ń kéde rẹ̀ lọ́wọ́, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó sì dúró mu omi. Ohùn kan láti ẹ̀yìn béèrè bóyá kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá. Akọ̀wé sáré wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè dà bíi pé àpárá ni, ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ yẹn sì pọ̀ ju èyí tí ikọ́ kan lè fà lọ.

Títí dé ibí yìí, ẹni tó ń ka ìtàn yìí lè rò pé kò sí ohun tó ṣòfò. Ẹ dúró ná. Mínísítà ètò ọ̀nà ti ń gbèrò tipẹ́ láti ṣe ọ̀nà olókùúta gíga kan wọ àfonífojì náà, nítorí lọ́dọọdún ni tòmátì ń jẹrà lóko tí ọkọ̀ kò lè wọlé kó o. Mínísítà yìí, tó jẹ́ obìnrin, fóònù Alága láàárọ̀ ọjọ́ kan. Alága máa ń fẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀, nítorí náà ó tẹ fóònù kó lè máa dún síta.

"Alága, ẹ káàárọ̀. Báwo ni ẹrẹ̀ yín?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ gbójú sókè. Wọn kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́fíìsì yẹn láti oṣù mélòó kan.

"Mínísítà, a dúpẹ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé ó ti gbẹ ni?"

"Nǹkan tó bá wà ló ń gbẹ, Mínísítà."

"Háà. Tí kò bá sí mọ́, á jẹ́ pé ẹ ò nílò ọ̀nà yẹn nìyẹn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún un."

Alága mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ó wà lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń la ẹnu, tó ń pa á dé. Ká ní òun nìkan ló wà níbẹ̀ ni, bóyá ì bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, tó rò pé ọ̀gá òun ń wá ìtìlẹ́yìn, wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Bí Alága bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́, kò sí ohun tí kò lè sọ.

"Mínísítà," ó wí, "àgbègbè tí mo ń darí ti kọjá kí wọ́n máa gbé òkúta bá a."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Màá wá fojú ara mi rí i lọ́jọ́ Ẹtì, kí n tó kó o fún ẹlòmíràn."

Ìròyìn yìí dé oko kí ọ̀sán tó pọ́n. Katakata fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárín poro, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ yòókù, wọ́n sì lọ bá Alága nílé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyàwó rẹ̀ bá wọn bẹ̀ ẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kàn pe obìnrin náà padà, kí ẹ sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni?" ni Alága béèrè. "Ọ̀rọ̀ náà kò sí mọ́."

Dípò kó sọ ọ́, ó ní kí wọ́n bò ó. Wọ́n ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó wà ní gbọ̀ngàn àti lọ́fíìsì, wọ́n tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà oko láti ìdí títì dé ibi tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ wà. Lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè, ó rí bíi koríko tí wọ́n gé dáadáa. Òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Mínísítà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kò sì mú ẹnikẹ́ni wá ju awakọ̀ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Alága wọ funfun láti òkè délẹ̀. Ó dúró níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó ní, "Mínísítà, ẹ wo ilẹ̀ wa, bó ṣe tẹ́jú, bó ṣe mọ́, bó ṣe ń retí ẹsẹ̀ yín."

"Ẹ máa lọ níwájú, Alága," ni Mínísítà wí. "Ilé yín ni."

Alága gbé ẹsẹ̀. Kòtò kan wà níwájú níbi tí ọkọ̀ tòmátì ti rì lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kápẹ́ẹ̀tì sì ti bò ó. Àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Alága, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn o."

"Nítorí kí ni?"

"Nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀."

"Nǹkan wo?"

Àgbẹ̀ náà wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó ti gbá gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún. "Èyí tí kò sí mọ́ yẹn," ó wí.

"Bí kò bá sí, kò lè wà lábẹ́ nǹkan kan," ni Alága wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí Mínísítà.

Akọ̀wé náà ti rántí kòtò náà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èrò rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nínú ìpayà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta jẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Alága rò pé ìyìn tuntun ni. Ó gbé àyà sókè, ó sì fi gbogbo ara tẹ kápẹ́ẹ̀tì.

Kò ṣubú. Ṣe ló wọlé lọ jẹ́jẹ́, ní ìdúróṣánṣán, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, títí ó fi dé ìbàdí. Kápẹ́ẹ̀tì ká mọ́ ọn lára bíi kọ́là.

"Ẹ gbà mí," ni Alága wí níkẹyìn, "mo ti há sínú..." Ó dúró.

"Sínú kí ni, Alága?" ni Mínísítà béèrè.

"Ilẹ̀ oníwà-tútù." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, ó tún wọlé díẹ̀ sí i.

"Ó tutù lóòótọ́," ni obìnrin náà wí. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ jáde láàárín èrò pẹ̀lú okùn àti pákó gígùn kan, àwọn tó máa ń lò bí ẹlẹ́dẹ̀ bá rì. Ó tẹ́ pákó sílẹ̀, ó rìn lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì lóṣòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Alága wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀ níta gbangba. "Ẹ fà mí jáde."

"Inú kí ni kí n fà ọ́ jáde?" Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Mínísítà dúró síbẹ̀ yẹn. Tòmátì gbogbo wa wà lọ́wọ́ rẹ. Sọ ọ́."

Alága wo ojú àwọn èèyàn náà. Kò sí ẹni tó ń fi ṣẹ̀sín. Katakata tiẹ̀ ti ń mú ẹ̀rọ bọ̀ láti oko láti wá fà á. Ó wo aṣọ funfun rẹ̀, èyí tó kù níbẹ̀. Ó sì sọ ọ́, jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́," ni Mínísítà wí.

"Ẹrẹ̀," ni Alága wí. "Ẹrẹ̀ ni, Mínísítà. Ó wà níbi gbogbo. Ó wà láti ìdí títì dé òkè ọ̀hún, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó sọ láti ìgbà tó ti di Alága nìyẹn. Ìlú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bú sórin, láì sí ikọ́ kankan. Katakata so okùn mọ́ ẹ̀rọ, Bíríkìlà di Alága mú lábẹ́ apá, wọ́n fà á, ó sì jáde pẹ̀lú ohùn bíi ti kọ́ọ̀kì tó bọ́ lẹ́nu ìgò. Bàtà rẹ̀ méjèèjì kò bá a jáde. Mínísítà ti fara ti ọkọ̀ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo ti rí ẹrẹ̀ yín. Òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í dé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró."

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lórí ilẹ̀ tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bu ọlá fún Alága nítorí ọ̀nà tó gbà fún wọn, wọ́n sì ní kó lọ sinmi nílé rẹ̀ títí ayé. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ sókè. Akọ̀wé na méjèèjì.

Ó dùn ún o, kí n má purọ́. Fún ìgbà díẹ̀ kì í jáde. Á jókòó sí pálọ̀, á máa bá ògiri sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú, ìyàwó rẹ̀ á sì máa gbé rédíò lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n ti gbé alága mìíràn jókòó, èyí tí kò lè sọ ju gbólóhùn kan lọ láì kólòlò, gbogbo ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà náà parí, wọ́n pe Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀ sí olú-ìlú, níbi tí àwọn olórin oko láti gbogbo àgbègbè ti fẹ́ ṣeré. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀.

"A ní ìṣòro kan," ó wí. "Gìtá Bíríkìlà ti gbó. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, okùn rẹ̀ á tú, á sì pẹ́ kó tó tún un dì. Èrò á máa wò wá, àwa náà á máa wò wọ́n. A nílò ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ láìdákẹ́."

"Sọ̀rọ̀ nípa kí ni?"

"Ohunkóhun. Bó o ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà."

Ó ní òun á rò ó. Ó ti ń wá fìlà rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó débi ọkọ̀.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣeré yẹn tóbi, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, àga ibẹ̀ sì ṣeé gbé. Wọ́n kọ orin àkọ́kọ́, okùn gìtá tú. Ọkùnrin wa bọ́ síwájú, ó wọ aṣọ oko àti bàtà rọ́bà bíi tiwọn. Ó ṣàtúnṣe kọ́là tí kò ní. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí oríire mú kí ẹ ní etí lónìí. Kókó mẹ́wàá ni mo fẹ́ sọ nípa àgbàdo, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dúró. Ó yí ojú padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni wọ́n ń rín?"

"Ìwọ ni," ni Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ wí, ojú rẹ̀ le bó ṣe máa ń le. "Wọ́n sì fẹ́ sí i."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò. Kò sí ẹni tó wúkọ́, kò sí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Wọ́n lè lọ bí wọ́n bá fẹ́, wọn ò lọ. Ó kọjú sí wọn, ó gbé àyà sókè, ó sì jẹ́ kí ohùn àmù náà jáde dáadáa. "Kókó kìíní," ó wí, wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Gìtá ti dára padà tipẹ́ kó tó dé kókó kẹta. Ṣùgbọ́n Bíríkìlà tẹrí mọ́ ọn, ó ń yí ohun tí wọ́n fi ń fa okùn le síwá-sẹ́yìn, bí ẹni tí kò tíì rí i ṣe rárá.